Ẹni Tí Wọ́n Ń Kó Oògùn Fún

Òórùn ilẹ̀ ni Barakah kọ́kọ́ gbọ́, kí ó tó rí ọkùnrin náà rárá.

Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ní Òkèlele, ó ń fi ọwọ́ tútù ra ètè ìkòkò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ tán, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ti ń fà sẹ́yìn lára ògiri. Amọ̀kòkò ni, amọ̀kòkò ló sì bí i. Bí wọ́n bá bu amọ̀ dé, kò dìgbà tó bá fọwọ́ kàn án kí ó tó mọ̀ bóyá etí odò ni wọ́n ti bù ú tàbí abẹ́ òkè. Ṣùgbọ́n òórùn tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti amọ̀. Ti ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jinlẹ̀ ni, tí wọ́n sì tún da erùpẹ̀ rẹ̀ padà sójú ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ó gbójú sókè. Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Zahrah, ọmọ rẹ̀. Ó wọ jalàbíà funfun, ó gbé àpò kékeré kan kọ́ èjìká, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n ti ń retí.

Ó sálámà ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó ní òun wá kí aláìsàn.

"Ta ló rán yín?" Barakah bi í.

"Àwọn ará ilé náà ni."

Barakah rò pé ọ̀kan nínú àwọn àfáà tí Alhaji Abdulkadir, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, máa ń rán wá ṣàdúà ni. Ó ní kó wọlé. Ìgbà tó padà sídìí ìkòkò rẹ̀ ló tó ṣàkíyèsí pé àwọn adìẹ tó ń tan ilẹ̀ káàkiri ti wọ ẹ̀yìn odó lọ, gbogbo wọn, wọ́n sì fún ara wọn pọ̀ síbẹ̀ láìké.

Àìsàn Zahrah ti wà nílẹ̀ kí ọkùnrin yìí tó dé. Ọmọbìnrin náà ti di opó kí ó tó pé ọgbọ̀n ọdún. Awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀, àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ orúkọ rẹ̀ ló sì pa á. Zahrah padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní kéwú lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orí fífọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ibà tẹ̀ lé e, títí ó fi di ọjọ́ kan tó ń ka súrà tó ti mọ̀ láti kékeré fún àwọn ọmọ, tó dé àárín, tí kò sì rántí ohun tó kàn mọ́. Ó wo àwọn ọmọ náà, àwọn náà ń wò ó. Nígbà tó yá, ó bú sẹ́kún.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Dókítà Olúyẹmí, obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ló sọ fún un pé nǹkan méjì ló ń bá a jà. Kòkòrò HIV wà lára rẹ̀, ikọ́ fée sì ti gun orí rẹ̀ lọ, ó ti wọ inú ọpọlọ. Oògùn ikọ́ fée ni yóò kọ́kọ́ lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n tó fi oògùn HIV kún un. Zahrah kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún ìyá rẹ̀. Barakah gbọ́ ọ, ó mí kanlẹ̀, ó sì lọ gbé omi kaná kí ọmọ rẹ̀ fi wẹ̀.

Oògùn àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ibà lọ, oúnjẹ padà dé ẹnu, Zahrah tún jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéwú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n fi oògùn kejì kún un. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ dojú rú. Orí fífọ́ padà dé, ó le ju ti àtijọ́ lọ. Ọrùn rẹ̀ gan. Ojú rẹ̀ ọ̀tún yí sí ìhà imú. Ó ń bì, ó ń pariwo bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án lójú, nígbà mìíràn a sì máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tó dun Barakah jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń bu omi tí ọmọ rẹ̀ fi ń gbé oògùn náà mì.

"Nǹkan tó sùn ni oògùn yẹn lọ jí," ni Alhaji Abdulkadir wí. Ẹ̀gbọ́n olóògbé bàbá Zahrah ni, iwájú agboolé kan náà ló ń gbé, àwọn mọ̀lẹ́bí sì ti fẹnu kò pé òun ni wọn yóò wé láwàní fún gẹ́gẹ́ bí Mọgàjí, olórí agboolé. Bó bá sọ̀rọ̀ nínú ilé náà, ọ̀rọ̀ ti parí.

"Mo fẹ́ gbé e padà lọ sí ilé ìwòsàn, Bàbá Àgbà," Barakah dá a lóhùn.

"Kí wọ́n lè fún un ní èyí tí yóò pa á tán? Ìyá Zahrah, májèlé ni wọ́n kó fún ọmọ yìí. Ìwọ náà sì ń fojú rẹ rí i."

Ó ń fi ojú rẹ̀ rí i lóòótọ́. Ó padà sí yàrá ọmọ rẹ̀.

Àárín àkókò yìí ni ọkùnrin aláṣọ funfun náà ń wá. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wá. Kì í jẹun, kì í mu omi, kì í ka àdúà kankan sí etígbọ̀ọ́ ẹni. Yóò jókòó níbi ẹsẹ̀ Zahrah, yóò fi àpò rẹ̀ sórí itan, Zahrah tó ti ń kérora láti àárọ̀ yóò sì dákẹ́. Ojú rẹ̀ yóò rọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí Barakah rí i, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ, ó tutù bí ìdí àmù.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìkòkò tó bá mọ lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà bá wá kì í gbẹ. Ó lè sá a sóòrùn láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, bó bá tẹ ìka mọ́ ọn, ìka rẹ̀ yóò wọlé. Barakah ti ń mọ ìkòkò láti ìgbà tí kò tíì gba ìbòrí, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó kó wọn pọ̀ sí ẹ̀yìn ògiri, ó fi àpò bò wọ́n, kí àwọn amọ̀kòkò ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa bi í.

Lọ́jọ́ kan, ó kó ìkòkò tó ti sun tẹ́lẹ̀ lọ fún oníbàárà ní Ọjà-Ọba. Nígbà tó dé, yàrá Zahrah dákẹ́ jù. Ó wo ojú fèrèsé níbi tí oògùn máa ń wà. Kò sí ìgò kankan níbẹ̀.

"Zahrah, oògùn rẹ dà?"

Ọmọ náà la ojú kan. Ó pẹ́ kí ó tó rí ahọ́n gbé. "Bàbá Àgbà kó o fún àlejò," ni ó wí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀ mọ́ ọn. "Ó ní kí ẹ jẹ́ kí n sinmi." Ojú náà tún pa dé, kò sì là mọ́, bó ti wù kí Barakah gbọ̀n ọ́n tó.

Barakah kò bọ́ bàtà kó tó wọ inú pálọ̀ Alhaji. Kò ṣe irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọ ilé náà ní ìyàwó.

"Bàbá Àgbà, kí ló dé tí ẹ kó oògùn ọmọ mi fún ẹni tí a kò mọ̀?"

"Ẹni tí a kò mọ̀ báwo? Àfáà tí ìwọ fúnra rẹ mú wá ńkọ́?"

"Èmi kọ́ ni mo mú un wá. Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ rán an."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ewúrẹ́ kan sín níta, Alhaji sì ta gìrì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní ẹni yòówù kó mú un wá, ọmọ náà ti ń sùn, kí ìyá rẹ̀ dúpẹ́.

"Kò sùn," ni Barakah wí. "Ó ń kú lọ ni. Ẹ ò sì bi mí kí ẹ tó ṣe é." Ó yí ẹ̀yìn sí i kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Òun àti onímáàrúwá kan tó ń kọjá ni wọ́n gbé Zahrah sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, ó fi ọwọ́ kan gbá orí ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó fi èkejì gbá ẹsẹ̀ tútù náà mú. Kò sunkún. Inú ló ń bí i, ìbínú náà sì gbóná dé ibi pé omijé kò ráyè jáde.

Dókítà Olúyẹmí kò fi àkókò ṣòfò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí i lọ́wọ́, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, dókítà mú Barakah jókòó.

"Ìyá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kòkòrò HIV ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, ikọ́ fée sì wà nínú ọpọlọ rẹ̀ tí ara kò lè bá a jà. Nígbà tí oògùn HIV bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, agbára ara rẹ̀ sọjí. Ó rí ọ̀tá nínú ọpọlọ, ó sì kọlù ú. Ìjà yẹn ló mú ọpọlọ wú, òun ló fa gbogbo ohun tí ẹ rí. Oògùn kò kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á."

"Kí wá ni ká ṣe?"

"A ti ń fún un ní èyí tí yóò mú wíwú náà rọlẹ̀. Àwọn tó ń lò tẹ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ dá wọn dúró. Dídá tí wọ́n dá wọn dúró yìí ti pa á lára. N kò lè ṣèlérí fún yín, ìyá. Àwọn kan máa ń bọ́ níbẹ̀, àwọn kan kì í bọ́."

Barakah wò ó. "Dókítà, kí ẹ tó fún un ní oògùn kejì, ṣé ẹ mọ̀ pé ó lè rí báyìí?"

"A mọ̀."

"Ta lẹ sọ fún?"

"A sọ fún Zahrah."

"Zahrah tó gbàgbé súrà tó ń kọ́ ọmọdé," Barakah wí. Kò gbé ohùn sókè. "Òun lẹ kó ọ̀rọ̀ yìí lé lórí. Èmi tí mò ń bu omi oògùn fún un, ẹ jẹ́ kí n máa rò pé èmi ni mò ń pa ọmọ mi. Ẹ fi mí sílẹ̀ kí ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé wá fi irọ́ kún mi létí. Gbólóhùn kan péré ni: yóò le kó tó rọ̀, ẹ má dá oògùn dúró, ẹ sáré gbé e wá. Kí ló wọ́n nínú ìyẹn?"

Dókítà kò wá àwáwí. Ó ní, "Ó yẹ ká ti pè yín. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú."

"Mo ń bínú," Barakah wí, ó sì dìde lọ sídìí ọmọ rẹ̀.

Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kejì, Ìyábọ̀dé ni wọ́n ń pè é, láti Tanke. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló dùbúlẹ̀ níbẹ̀, àìsàn kan náà ni, ó ti di egungun lásán. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí àwọn ìyá aláìsàn ti máa ń ṣe, lábẹ́lẹ̀, láìwo ojú ara wọn. Ìyábọ̀dé ní oògùn ọmọ òun ti kọ́kọ́ ń ṣe dáadáa, kó tó yí padà. Ó ní pásítọ̀ kan tó wọ kóòtù dúdú ń wá jókòó tì í, ara ọmọ náà sì máa ń rọlẹ̀ bó bá ti wá.

"Ọkọ mi ló kó oògùn rẹ̀ fún un. Ó ní ìgbàgbọ́ ọmọ náà kò gbọdọ̀ pín sí méjì." Ó fi etí gèlè nu ojú. "Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ó ní òórùn kan lára, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́."

"Bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, tí wọ́n tún bò," Barakah wí.

Ìyábọ̀dé yíjú sí i. Kò bi í bó ṣe mọ̀. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé e láyà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó wá kí aláìsàn, ariwo kún inú wọ́ọ̀dù. Àwọn ènìyàn ń gbé abọ́ oúnjẹ wọlé, ọmọdé kan ń sunkún. Barakah tẹ̀ba, ó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí Zahrah, bẹ́ẹ̀ ni òórùn náà gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Nígbà tó fi máa yíjú padà, ọkùnrin náà ti jókòó sórí àga níbi ẹsẹ̀ Zahrah, àpò lórí itan.

Ẹ̀rù bà á. Ó bà á gan-an. Ṣùgbọ́n ìbínú tó ti ń gbé kiri láti Òkèlele kò fún ẹ̀rù náà láyè.

"Dìde níbẹ̀," ni ó wí. Kò pè é ní ẹ̀yin mọ́.

"Ìyá Zahrah, ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí."

"N kò tíì mọ̀ ọ́ nígbà yẹn. Oògùn ọmọ mi dà?"

Ọkùnrin náà ṣí àpò lórí itan rẹ̀, láìkánjú. Àpò kékeré náà kò ní ìdí. Ìgò oògùn ló kún inú rẹ̀, lórí ara wọn, wọ́n ń lọ sísàlẹ̀ títí dé ibi tí ojú kò lè tọ̀ wọ́n dé mọ́. Òmíràn ti pẹ́ débi pé ìwé ara rẹ̀ ti pọ́n. Omi oògùn tí wọ́n fi ń bu ṣíbí fún ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn. Barakah tọ́ka sí i.

"Kí ni ọmọ ọwọ́ ṣe fún ọ?"

"N kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí," ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. "N kì í bèèrè. Mo kàn máa ń jókòó ni. Àwọn ará ilé ló máa ń kó o wá fún mi."

"Èmi kò kó nǹkan kan fún ọ. Gbé ti ọmọ mi wá."

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ èdè tí kò gbọ́ rí sí. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó sì nawọ́ àwọn ìgò Zahrah sí i. Wọ́n tutù, wọ́n rin lára, bí ohun tí wọ́n hú jáde. Ó wá dìde. Bó ṣe ń kọjá lára Barakah ló sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fi ẹrù sílẹ̀ fún ẹlẹ́rù.

"Ẹni tó kó ti ọmọ yín fún mi, kò fún mi ní tirẹ̀."

Ó gba àárín àwọn ènìyàn jáde. Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì kan kọjá, tó dúró ti àga tó ṣófo náà, tó sì fajú ro. Erùpẹ̀ pupa kún orí àga náà. Ó gbá a sínú garawa ìdọ̀tí, ó ń kùn pé àwọn tó ń wá kí ènìyàn kì í nu ara kí wọ́n tó wọlé.

Díẹ̀díẹ̀ ni Zahrah ń padà bọ̀. Ó kọ́kọ́ mọ ohùn ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó mọ ojú rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ rọ̀. Ojú ọ̀tún kò padà sí ipò rẹ̀ tán, dókítà sì ní ó lè wà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìyábọ̀dé kò dìde mọ́. Àárọ̀ ni wọ́n gbé e lọ, Barakah ló sì bá ìyá rẹ̀ di ẹrù.

Lẹ́yìn tí wọ́n dé ilé, ọjọ́ tí Zahrah ka súrà yẹn dé òpin láìṣì í ni Barakah fi ìborùn borí, tó bu omi sínú ike kan, tó sì lọ sí iwájú agboolé. Àwọn àgbààgbà wà lọ́dọ̀ Alhaji, ọ̀rọ̀ láwàní ni wọ́n ń sọ. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi lọ tán. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá Àgbà, oògùn tiyín dà?"

Alhaji kò bi í pé oògùn wo. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sí àpò agbádá rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ó lọ.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹni tí ẹ kó ti ọmọ mi fún."

Alhaji ní ó ti tó ọdún mélòó kan tí òun ti ń lò ó. Òfà ni òun ti ń lọ gbà á, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ òun.

"Ó ń ṣiṣẹ́ fún yín."

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ ń gbé e mì láàárọ̀," Barakah wí, "ẹ sì ń rìn wá sí yàrá ọmọ mi, ẹ ń pè é ní májèlé. Ẹ mọ̀ pé ènìyàn lè lò ó kó sì gbó. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n nínú gbogbo ilé yìí. Ẹnu yín nìkan ló lè fi ọkàn mi balẹ̀. Kí lọmọ àbúrò yín fi ṣẹ̀ yín?"

"Kò ṣẹ̀ mí." Ó ń wo ilẹ̀. "Bí wọ́n bá ń dárúkọ àìsàn yẹn nínú agboolé lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ni ẹnìkan á wo èmi náà. Wọ́n sì fẹ́ wé láwàní fún mi."

"Nítorí láwàní."

Barakah rí i nígbà náà pé Alhaji ti rù. Ó sì rí i pé láti ìgbà tí òun ti wọlé, Alhaji kò tíì wo àga tó dojú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń yẹra fún orúnkún ẹlòmíràn.

"Ó ń wá sọ́dọ̀ mi báyìí," Alhaji wí lábẹ́lẹ̀. "Kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn máa ń na ọwọ́ ni. Ó wà níbẹ̀ báyìí, Ìyá Zahrah, ó na ọwọ́ sí mi. Ó sì rẹ̀ mí."

Barakah wo àga náà. Kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó fẹ́ fi Zahrah ra láwàní, ó wò ó pẹ́, inú rẹ̀ kò sì rọ̀.

"Ẹ má fún un," ni ó wí. Ó ṣí ike náà, ó sì bu omi fún Alhaji kó fi gbé oògùn rẹ̀ mì.